Lulwa, Nawaf àti Ìwé Àṣẹ

Ọjọ́ tí Nawaf kọ́kọ́ rí Lulwa ọmọ Sanad, ìbínú ló fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ti dé ọ́fíìsì wọn ní Manama láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó di fáìlì ńlá kan mọ́ abẹ́ abíyá, ó wọ jàlàbíà funfun tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré ló ń dá sílẹ̀, ibi tí èèyàn á ti máa ra kírípítò, owó orí ẹ̀rọ ayélujára, tí á sì máa tà á, lórí fóònù. Ìjọba ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú òwò yẹn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó gba dínárì kan lọ́wọ́ oníbàárà. Iṣẹ́ àwọn Lulwa sì ni láti máa ran irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kí ìwé náà lè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n má sì rú òfin lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á tán.

Lulwa ka fáìlì náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Tíì tí wọ́n gbé síwájú Nawaf ti di títutù kí obìnrin náà tó gbójú sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Nawaf, ta ló bá yín kọ èyí?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ mọ̀wé kọ. Ó dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba báyìí, wọn ò ní kà á dé ojú ìwé kẹta kí wọ́n tó dá a padà fún yín."

Nawaf rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rò pé àwàdà ni. "Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ da kírípítò àwọn oníbàárà pọ̀ mọ́ ti ilé iṣẹ́ yín. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá wó, báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiwọn?"

"Ilé iṣẹ́ mi ò ní wó."

"Kò sí ẹni tí tiẹ̀ wó tí kò sọ bẹ́ẹ̀." Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. "Ta lẹ yàn pé kó máa ṣọ́ owó tí orísun rẹ̀ ò bá mọ́?"

"Èmi náà ni."

"Kò ṣeé ṣe. Ẹni tó lè wo ojú yín kó sọ pé rárá ni ẹ máa gbà síṣẹ́." Ó tún ṣí ojú ìwé mìíràn. "Ẹni tó ń jẹ́ Mubarak yìí, tó fi owó tó pọ̀ síbẹ̀, ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí bàbá mi kú."

"Kí Ọlọ́run kẹ́ bàbá yín. Níbo ni ẹ̀gbọ́n ìyá yín ti rí owó náà?"

Nawaf dìde dúró. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ dúró níwájú Khali, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kí n máa bi í pé níbo ló ti rówó?"

"Ẹ ò ní láti bi í. Ìwé ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹnu."

Nígbà tó dé ilé ní Muharraq lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ju fáìlì sórí àga. "Màmá, mo rí onígbéraga obìnrin kan lónìí."

Ìyá rẹ̀ ń já ewébẹ̀ lọ́wọ́, kò wẹ̀yìn. "Ó rẹwà?"

"Màmá!"

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Mi ò wò ó."

"O ò wò ó, o wá mọ̀ pé ó ń gbéra ga."

Ohun tí Nawaf kò fẹ́ jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni ni pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ. Ó ṣí fáìlì rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó fi ojú obìnrin náà kà á, ojú sì tì í. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ó wá obìnrin kan tó ń jẹ́ Thuraya, tó ti ṣiṣẹ́ ní bánkì fún ọdún mọ́kànlá, ó gbà á síṣẹ́, ó sì ní: "Iṣẹ́ rẹ ni kí o máa sọ fún mi pé rárá."

Ti Mubarak ló wá ṣòro. Ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù tùràrí àti lọ́fínńdà nínú ọjà Muharraq, ó sì ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Nígbà tí Nawaf fi ọgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀, ariwo rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù kẹta.

"Èmi Mubarak! Wọ́n ní kí n wá sọ ibi tí mo ti rówó! Lọ sọ fún ẹni tó rán ọ pé mo jí i ni."

Oṣù kan kọjá lẹ́yìn tí Nawaf ti gbé fáìlì náà padà fún Lulwa, Mubarak ò fún wọn ní nǹkan kan. Ni Lulwa bá sọ pé òun á lọ fúnra òun. Nawaf kìlọ̀ fún un. Ó lọ. Mubarak kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun rí i. Ó dá oníbàárà kan lóhùn, ó dá òmíràn lóhùn, ó nu ìgò, ó kírun, ó jẹun. Ó ju wákàtí méjì lọ tí Lulwa fi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò wo aago, tí kò sì fọwọ́ kan fóònù.

Níkẹyìn ni bàbá àgbàlagbà náà yíjú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò nílé ni?"

"Mo nílé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ká ní bàbá tó bí mi ló fẹ́ fi owó síbẹ̀, ìbéèrè yìí náà ni mo máa bi í, ó sì máa bú mi ju bí ẹ ṣe bú mi lọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo bú ọ?"

"Gbogbo ọjà ni, Bàbá."

Mubarak wò ó títí. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì gbé àpótí irin kan jáde. Ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Busaiteen ló tà, ìwé tí wọ́n fi tà á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba lórí rẹ̀. Ó jù ú sórí tábìlì.

"Gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ọ sílé, á máa kọ̀wé tọrọ àyè kó tó jẹun."

Nawaf, tó tẹ̀ lé Lulwa wá, tó sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà yẹn, bú sẹ́rìn-ín. Lulwa yíjú padà láti bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gba ẹnu òun náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nawaf rí i tó rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó sìn ín dé ìdí mọ́tò rẹ̀.

"Mo ti sọ fún ìyá mi pé onígbéraga ni yín," ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni Màmá wí?"

Nawaf ronú lórí ohun tí ìyá rẹ̀ wí, etí rẹ̀ sì gbóná. "Wọn ò wí nǹkan kan."

"Ẹ má pẹ́ dé lọ́jọ́ Àìkú," ni Lulwa sọ, ó sì wakọ̀ lọ.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n ń ṣèpàdé fún oṣù márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Báwo ni wọ́n á ṣe mọ oníbàárà kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ibo ni kọ́kọ́rọ́ kírípítò á wà tí olè kò fi ní dé ibẹ̀. Kí ni wọ́n á ṣe bí ẹ̀rọ bá dákú. Ṣùgbọ́n Lulwa bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí ara rẹ̀. Ó ń tún ìborí rẹ̀ lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ Sátidé. Bí Nawaf bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò ní lè ka ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni, kì í ṣe ọmọdé. Ó ti gba òrùka ọkùnrin kan rí, ó sì ti dá a padà lọ́jọ́ tó gbọ́ pé ọkùnrin náà ní ìyàwó kan pamọ́ sí ìlú mìíràn. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ fún ọ nígbà yẹn ni," ni ọkùnrin yẹn wí. Láti ọjọ́ náà, Lulwa ti bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn pé òun ò ní nífẹ̀ẹ́ ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Nawaf gbé kúlà oúnjẹ kan wá. Ìyá rẹ̀ ló se balaleet, oúnjẹ oníṣúgà kan tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ẹyin orí rẹ̀ ṣì ń gbóná.

"Òfin ilé iṣẹ́ wa ò jẹ́ ká gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ oníbàárà," ni Lulwa wí, ó sì tì í padà.

"Oúnjẹ àárọ̀ lásán ni."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá."

Nawaf gbé e padà lọ, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ wà nínú yàrá náà títí di ọ̀sán. Lulwa jókòó sínú òórùn yẹn, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Nígbà tó di aago méjì, ó fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e lọ bá Widad, ọ̀gá rẹ̀.

Widad kà á. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Ọkùnrin yìí ti sọ nǹkan kan fún ọ?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Ìwọ ti sọ nǹkan kan fún un?"

"Rárá."

"Ẹ jọ jáde lọ síbì kan?"

"Ọ̀gá mi, rárá o!"

"Kí wá lò ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Lulwa wo ilẹ̀. "Tí mo bá ti ń ka fáìlì rẹ̀, mo máa ń fẹ́ kó yege. Ẹni tó bá ń fẹ́ kó yege ò lè rí àṣìṣe rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn."

"Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni Widad wí. "Mo ti rí ẹni tó purọ́, mo ti rí ẹni tó sá lọ. N kò tíì rí ẹni tó tìtorí ìfẹ́ fẹjọ́ ara rẹ̀ sun ọlọ́pàá." Ó tún dígí rẹ̀ fi. "O mọ̀ pé òfin wa ní kí n kọ̀wé sọ ìdí rẹ̀ fún oníbàárà náà?"

Lulwa kò tíì rò ó dé ibẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ò lè sọ pé mo lọ fún ìsinmi?"

"Ìwọ lo kọ òfin yẹn, Lulwa. Ní ọdún tó kọjá."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìwé náà tẹ Nawaf lọ́wọ́. Ó kà báyìí pé: *A fi èyí tó yín létí pé Arábìnrin Lulwa ọmọ Sanad kò ní máa bójú tó fáìlì yín mọ́, nítorí ó ti jẹ́wọ́ fún wa pé òun ní ìfẹ́ ọkàn sí ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ yín.*

Nawaf kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èèyàn méjì péré ló ni ilé iṣẹ́ náà: òun, àti Khali Mubarak. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sì rẹ́rìn-ín títí tí Thuraya fi wá wò ó.

"Ṣé wọ́n ti fún wa ní ìwé àṣẹ ni?"

"Rárá," ni Nawaf wí, ó ń nu ojú. "Kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ìwé kan dé."

Kò pe Lulwa lórí fóònù. Ó ronú pé obìnrin tó kọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ sínú ìwé, tó sì fọwọ́ sí i, kò yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń fi fóònù dá lóhùn. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fẹ́ Lulwa. Ìyá rẹ̀ lọ bá Badriya, àbúrò bàbá Lulwa, obìnrin kan tó mọ̀ sí gbogbo ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní àdúgbò wọn láàárín ogún ọdún. Badriya sì gbà á bí ẹni tó gba ìròyìn ayọ̀ láti ọ̀run.

"Ẹ fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi," ló wí.

Bàbá Lulwa kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Sanad ti ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù fún ọgbọ̀n ọdún ní èbúté kó tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, Lulwa nìkan ló sì kù sí i nílé. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ni Badriya gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

"Kí ló ń tà?" ni Sanad bi í.

"Kírípítò."

"Mo ní kí ló ń tà."

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti sọ ọ́."

"Badriya, kò sí ẹrù tó gba èbúté wọ ìlú yìí nígbà tèmi tí n kò fọwọ́ kàn. Àpò ìrẹsì, mo fọwọ́ kàn án. Táyà mọ́tò, mo fọwọ́ kàn án. Kí ni ọmọkùnrin yìí ní tí mo lè fọwọ́ kàn? Afẹ́fẹ́ ló ń tà."

Lulwa ń kó àwo lọ́wọ́. Ó yẹ kó dákẹ́, kò sì lè dákẹ́. "Bàbá, mo ti ka gbogbo ìwé rẹ̀."

"O kà á nígbà tí o ò tíì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbí lẹ́yìn tí o nífẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Mo dá fáìlì rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí mo mọ̀."

Sanad kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. "Ìjọba ti fún un ní ìwé àṣẹ?"

"Kò tíì dé, Bàbá."

"Nígbà tó bá dé, kó wá. Kó sì mú àgbàlagbà ẹbí rẹ̀ dání. N kò ní bá ọmọdé nìkan sọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Àgbàlagbà ẹbí Nawaf ni Mubarak. Nígbà tí ìyá Nawaf lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mubarak gbé ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Èwo nínú wọn? Má sọ fún mi pé èyí tó bi mí léèrè owó ni."

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èyí tó jókòó sórí àpótí mi bí ẹni tó wá gba ilé?"

"Òun náà ni."

Mubarak mi orí títí. "Obìnrin tó le bẹ́ẹ̀ á gbé ọmọ yìí dúró," ló wí nígbẹ̀yìn. "Màá lọ. Má sọ fún un pé mo yára gbà."

Ìwé àṣẹ náà dé ní ìparí ìgbà ooru. Wọ́n dá ọjọ́ ìtọrọ ìyàwó: Ọjọ́bọ̀ kan tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lulwa àti Nawaf ti lè máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí, pẹ̀lú ìmọ̀ Badriya, wọ́n sì ti kúrò ní "ẹ" bọ́ sí "o" láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ara tu gbogbo èèyàn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá ni Thuraya wọ yàrá Nawaf, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ oníbàárà kan ló gbé wá. Ọkùnrin oníṣòwò kan ni, ọ̀rẹ́ Mubarak láti ọdún gbọọrọ. Mubarak fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Owó ń wọlé fún un láti ibi mẹ́fà tí kò lè ṣàlàyé, ó sì ń jáde lọ́jọ́ kan náà sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Òfin ti sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe lórí irú èyí: kí wọ́n fi tó ìjọba létí, kí wọ́n dá owó náà dúró bí wọ́n bá ní kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ì báà ṣe oníbàárà náà, ì báà ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ì báà ṣe ìyá ẹni.

"Mo mọ ẹni tó jẹ́ sí yín," ni Thuraya wí. "Mi ò ní yí ohun tí mo kọ padà."

"Ìdí tí mo fi gbà ọ́ síṣẹ́ nìyẹn," ni Nawaf dá a lóhùn. "Fi ránṣẹ́."

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Mubarak ránṣẹ́ pè é sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀rẹ́ mi ní owó òun kò jáde."

"Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé sí wa, Khali. A máa dá wọn lóhùn."

"Èmi kọ́ lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, àárín àwa àti oníbàárà náà ló wà."

"Nawaf, èmi ni mo gbé ọ lé èjìká lọ sin bàbá rẹ. Èmi ni mo ta ilé bàbá tèmi kí o lè ní ilé iṣẹ́. Wo ojú mi. Ṣé wọ́n ń fura sí ọ̀rẹ́ mi ni, àbí ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́?"

Ká ní Nawaf ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pa irọ́ fún ọkùnrin yìí rí láyé rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Mubarak dúró títí. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn sì dun Nawaf ju ariwo lọ. "Ó dáa. Wá ẹlòmíràn tó máa bá ọ tọrọ ìyàwó lọ́jọ́bọ̀."

Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Lulwa láti ẹnu Badriya, ṣùgbọ́n Badriya kò mọ ìdí rẹ̀. Ó pe Nawaf, wọ́n sì pàdé létí òkun ní Muharraq ní ìrọ̀lẹ́, Badriya jókòó sínú mọ́tò, ó ń jẹ èso sunflower, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò wò wọ́n.

"Kí ló dé láàárín ìwọ àti Khali?"

"Mo bí wọn nínú."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

Nawaf wo omi. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ fún ọ, Lulwa."

Létí Lulwa, ọ̀rọ̀ ọkùnrin olórùka ìjọ́sí nìyẹn gan-an, ó kù kó fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́.

"Ṣé obìnrin kan wà níbẹ̀?"

"Rárá! Ọlọ́run ń gbọ́ mi."

"Ṣé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni?"

Nawaf kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn dúró síbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ jàlàbíà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó gbé nǹkan tó wúwo tí kò rí ibi gbé e kalẹ̀.

Lulwa padà sílé, kò lè jẹun. Ó mọ iṣẹ́ yẹn. Ó mọ̀ pé ohun kan wà tí òfin fi ń di èèyàn lẹ́nu, òun fúnra òun ló sì máa ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé ẹni tó ń fi ìwà burúkú pamọ́ náà máa ń dákẹ́. Láti òde, ìdákẹ́jẹ́ méjèèjì jọra. Báwo ló ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Tó bá sì bi í títí tó fi sọ, ṣé ọkùnrin tó sọ ọ́ yẹn náà ló ṣì máa fẹ́?

Ó pinnu pé òun ò ní bi í mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ó pinnu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun àṣárì, àlejò kan ilẹ̀kùn. Mubarak ni. Ó ní àgbàlagbà kì í fi ẹnu ẹlòmíràn fagi lé ọ̀rọ̀, òun wá sọ fún Sanad fúnra òun pé òun kò ní wá lọ́jọ́bọ̀. Lulwa gbé kọfí dé ẹnu ọ̀nà yàrá àlejò, ó gbé e fún bàbá rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn sínú ilé ìdáná. Kò ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ náà ṣe ohun tí kò dáa ni?" ni ohùn Sanad.

"Ó ya alágídí! Owó ọ̀rẹ́ mi kò jáde. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọmọ tí mo tọ́! Ó ń wò mí bí ère."

"Kò purọ́ fún yín?"

"Kò tiẹ̀ purọ́ fún mi! Ká ní ó purọ́, ǹ bá ti sùn."

"Ẹ bú u?"

"Mo bú u. Mo rán an létí gbogbo oore mi."

"Ó sì dákẹ́ síbẹ̀."

"Ó dákẹ́ síbẹ̀."

Lulwa gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń bu kọfí sínú ife.

"Bọ̀ọ̀dá Mubarak," ni Sanad wí, "mi ò mọ ọ̀rẹ́ yín, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ti ara mi ni mo fẹ́ sọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo lò ní èbúté. Wọ́n dá ẹrù ọkùnrin kan dúró nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, wá bá mi: 'Sanad, ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, kí ló dé?' Mo mọ ohun tó dé. N kò gbọdọ̀ sọ. Mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò kí mi fún ọdún mẹ́fà. Ó kú kí a tó parí ìjà náà."

Lulwa kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ó ti rò pé àìsàn ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì má máa rí ara wọn.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ ọmọ yín nínú ilé yìí," ni Sanad ń bá lọ, "mo ti ń wá ohun tí mo lè fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Ẹ sì gbé e wá fún mi lónìí. Mo dúpẹ́."

"Kí ni mo gbé wá? Ẹjọ́ ni mo wá rò!"

"Ẹ sọ fún Nawaf kó wá lọ́jọ́bọ̀. Bí ẹ ò bá lè bá a wá, kò burú. Màá jókòó sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá tọrọ ọmọ mi lọ́wọ́ ara mi, màá sì fún ara mi."

Nígbà tó ṣe, Mubarak mi ife rẹ̀ láti fi hàn pé kọfí tó, ó gbé e kalẹ̀, ó kí onílé, ó sì lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, òun ló kọ́kọ́ dé. Nawaf àti ìyá rẹ̀ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ àlà, òórùn tùràrí rẹ̀ ti gba gbogbo òpópónà. Nawaf dúró, kò mọ̀ bóyá kó kí i.

"Má wò mí," ni Mubarak wí. "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí oníkọ́sítọ́ọ̀mù bá ọmọ àbúrò mi tọrọ ìyàwó." Ó tún ìborí Nawaf ṣe lórí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ náà ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì fọwọ́ tì í lẹ́yìn kó wọlé.

Wọ́n so yìgì ní ìgbà òtútù, wọ́n sì gba ilé kékeré kan ní Arad. Mubarak lo oṣù mẹ́jọ kó tó dárí ji Nawaf, kò sì sọ ohun tó yí i lọ́kàn padà. Ó kàn wá jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó sì ń wá láti ìgbà náà. Kò dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn mọ́.

Nawaf kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún Lulwa títí dòní. Lulwa ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Nawaf á ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, tí á jókòó sídìí oúnjẹ, tí ojú rẹ̀ á sì jọ ojú tó fi wo omi lọ́jọ́ yẹn. Lulwa á wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò ní bi í. Á bọ́ ẹja tó wà lórí ìrẹsì kúrò lára eegun rẹ̀, á fi èyí tó rọ̀ jù lọ sí apá ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Jẹun," ni á wí. "Ó ń tutù."

Ọkọ rẹ̀ á sì jẹun.